Ohun tí a Fi Pamọ́ Kò Sọnù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti di orin lẹ́nu àwọn ènìyàn wa lóde òní, pàápàá ní àwọn ìlú ńláńlá: 'Ẹni tí ó rí i ni ó ni í.' Bí ọmọdé bá he owó lójú títì, ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi gbè é nìyẹn. Bí bíríkìlà bá fi díígà lu ògiri ilé àtijọ́, tí ìkòkò wúrà sì yọrí, ohun tí òun náà yóò fi tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn, bí ó bá tilẹ̀ dúró sọ ohunkóhun kí ó tó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá jà. Kò bá ìwà àwọn baba wa mu, kò bá òye mu, ó sì ti gba ohun tí ó pọ̀ lọ́wọ́ wa ju èyí tí àwa tí ń tún un sọ mọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n gbé ọ̀ràn náà kalẹ̀ bí ó ti máa ń rí. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ilé ẹbí kan wà ní ìgboro Ìbàdàn, ilé alámọ̀ tí baba ńlá kọ́, tí àwọn ọmọ fi símẹ́ǹtì rẹ́ lẹ́yìn náà, tí páànù rẹ̀ sì ti dípẹtà. Àwọn ọmọ ti fọ́n ká. Ọ̀kan wà ní Kánò, òmíràn wà ní London, àwọn tí ó kù nílé kò rí owó tún un ṣe. Wọ́n bá tà á. Ẹni tí ó rà á kò fẹ́ ilé, ilẹ̀ ni ó fẹ́. Ó gbé iṣẹ́ ìwólulẹ̀ fún agbaṣẹ́ṣe, agbaṣẹ́ṣe sì kó lébìrà wá. Ní ọjọ́ kẹta, lábẹ́ ibi tí yàrá ìyá àgbà wà rí, ọkọ́ kan ìkòkò. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn wà nínú rẹ̀, wúrà wà níbẹ̀, owó fàdákà tí orí Ọbabìnrin Fitóríà wà lára rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ta ni ó ni í?

Lébìrà ní ọkọ́ òun ni ó kàn án. Agbaṣẹ́ṣe ní òun ni òun gba lébìrà síṣẹ́, ohunkóhun tí iṣẹ́ bá mú wá tòun ni. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ na ìwé rẹ̀ síta, ó ní àti òkè àti ìsàlẹ̀ ni òun san owó lé. Àwọn ọmọ onílé gbọ́, wọ́n sáré dé, wọ́n ní ohun ìní ìyá àwọn ni. Ọlọ́pàá dé, wọ́n ní kí gbogbo wọn máa bọ̀ ní àgọ́. Bí ọ̀ràn náà bá sì dé etí Àbújá, ẹnìkan yóò sọ níbẹ̀ pé ohunkóhun tí ó bá ti inú ilẹ̀ Nàìjíríà jáde, ti ìjọba àpapọ̀ ni.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Nínú gbogbo àwọn tí ń pariwo wọ̀nyí, àwọn ọmọ onílé nìkan ni ó dárúkọ ẹni tí ó gbé ìkòkò náà síbẹ̀. Àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ ọwọ́ tí ó kàn án, tàbí ìwé tí ó yí i ká, tàbí agbára tí ó lè gbà á. Ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀, tí ó fi ọmọrí dé ìkòkò, tí ó sì rẹ́ ilẹ̀ lé e lórí ní òru ọjọ́ kan, ó dàbí ẹni pé kò sí láyé rí.

Èdè wa ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́. Ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn lójú ọ̀nà láìmọ̀ ni a ń pè ní ohun tí ó sọnù, ẹni tí ó bá sì bá a pàdé ni a ń sọ pé ó he é. Ṣùgbọ́n ohun tí a mọ̀ọ́mọ̀ kì bọ inú ilẹ̀ kò sọnù. Ó wà ní ibi tí ẹni tí ó ni í fi í sí. Ẹni tí ó ni í ni kò sí nílé. Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ kí ọmọ Yorùbá kan sọ pé òun 'he' aṣọ nínú àpótí ẹlòmíràn? Orúkọ mìíràn ni à ń pe ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ yàrá jẹ́ àpótí fún àwọn baba wa. Kò sí báǹkì, ogun sì wà. Ogun Kírìjì nìkan gba ọdún mẹ́rìndínlógún, láti 1877 títí di 1893 tí àwọn ọmọ ogun tó tú ká. Ẹni tí ariwo ogun bá lójijì kò lè ru gbogbo ohun tí ó ní. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ó ri ìyókù mọ́lẹ̀, ó sá. Ẹni tí ó ri nǹkan mọ́lẹ̀ báyìí ń sọ fún ilẹ̀ pé òun ń padà bọ̀. Bí òun kò bá lè padà, ó retí pé ọmọ òun yóò padà.

Kí a tilẹ̀ fi ti ohun tí a fi pamọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà kò gbà rárá pé àìsíníbẹ̀ olówó sọ ohun ìní rẹ̀ di ti ẹni tí ń kọjá. Àwa tí a dàgbà díẹ̀ rí i bí wọ́n ti ń pàtẹ iṣu, àgbàdo àti ọsàn sí ẹ̀bá ọ̀nà oko láìsí ẹni tí ó jókòó tì wọ́n. Òkúta wẹ́wẹ́ tí a tò sí iwájú òkìtì kọ̀ọ̀kan ni ó ń sọ iye rẹ̀. Èrò ọ̀nà yóò fi owó lélẹ̀, yóò mú ọjà, yóò bá tirẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi ìdáná tí a di ní ìdì sínú igbó, tí a fi àálè lé lórí: olówó rẹ̀ lè wà ní ìrìn wákàtí mẹ́ta sí ibẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ kan kò ní kàn án. Ohun tí ó sì bọ́ sọnù gan-an, akígbe ni yóò lu agogo káàkiri ìlú, tí yóò máa béèrè ẹni tí ó ni í. Àṣà tí ó dá gbogbo èyí sílẹ̀ kò lè jẹ́ àṣà kan náà tí yóò sọ pé ẹni tí ó rí i ni ó ni í.

Níbo wá ni orin náà ti wá? Apá kan rẹ̀ wá láti inú ojúkòkòrò, èyí tí kò ní orílẹ̀-èdè. Apá kejì bá ilé-ẹjọ́ àwọn òyìnbó wọ ọkọ̀ wá. Ní ọdún 1722 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọdékùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbígbá ihò èéfín ilé he ohun ọ̀ṣọ́ kan. Ó gbé e lọ sí ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà kan tí ń jẹ́ Delamirie, kí wọ́n bá òun wò ó. Ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ díbọ́n bí ẹni tí ó fẹ́ wọ̀n ọ́n, ó sì yọ àwọn òkúta iyebíye ara rẹ̀. Ọmọ náà pè wọ́n lẹ́jọ́, ó sì jàre. Láti ìgbà náà ni àwọn agbẹjọ́rò ti ń fi ẹjọ́ yìí ṣe àwíjàre fún ẹni tí ó rí nǹkan he. Ṣùgbọ́n ìdajì ìdájọ́ náà ni àwọn tí ń kọ orin wa gbọ́. Ohun tí ilé-ẹjọ́ sọ ni pé ẹ̀tọ́ ọmọ náà ju ti gbogbo ènìyàn lọ, àfi ti ẹni tí ó ni í gan-an. 'Àfi' yìí ni wọn kì í kọ.

Ẹjọ́ kejì sún mọ́ tiwa jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí inú ilé ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ní 1940, nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilé ńlá kan ní Shropshire fún ìlò àwọn ológun. Ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Peel ni ó ni ilé náà. Ọmọ ogun kan, Hannah, ń ṣe nǹkan sí fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ohun ọ̀ṣọ́ tí àwọn obìnrin fi ń há aṣọ láyà, tí ìdọ̀tí ti bò mọ́lẹ̀ lórí férémù. Ó gbé e fún ọlọ́pàá. Nígbà tí ó di 1942, tí ẹni tí ó ni í kò yọjú, ọlọ́pàá gbé e fún onílé, onílé sì tà á ní £66. Ilé-ẹjọ́ dá ọmọ ogun náà láre ní 1945, nítorí pé onílé kò gbé inú ilé náà rí, kò sì mọ̀ pé ohun náà wà níbẹ̀.

Èmi kò bá wọn jà lórí Shropshire. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìdí tí wọ́n fi dá ẹjọ́ náà wá sí Ìbàdàn, kí ẹ rí ohun tí yóò dà. Ọmọ tí a bí sí Kánò, tí kò sun inú ilé baba ńlá rẹ̀ mọ́jú rí, ta ni yóò wò ó lójú kí ó sọ pé kì í ṣe ọmọ ilé? Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ ilé náà wà nínú oríkì rẹ̀, àwọn tí a sin sínú yàrá ibẹ̀ ni ó ń bẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn bá dojú rú. Pé kò mọ̀ pé ìkòkò wà níbẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Ta ni ó mọ gbogbo ohun tí òun yóò jogún kí ó tó jogún rẹ̀? Ní 1912, nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ìjọba London gbé kalẹ̀ ń wádìí ọ̀ràn ilẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ọba kan láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣàlàyé fún wọn pé ẹbí kan tí ó gbòòrò ni ó ni ilẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ wà láàyè, àwọn tí a kò tíì bí kò níye. Mi ò rí ìdí tí ohun tí òkú ẹbí fi sínú ilẹ̀ náà yóò fi ní olówó mìíràn.

Ibi tí orin yìí ti ṣe wá ní jàǹbá tí a kò tíì bọ́ nínú rẹ̀ di òní ni Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1938, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé kan ní agbo ilé Wúnmoníjẹ̀, tí kò jìnnà sí ààfin Ọọ̀ni. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ń wá nǹkan. Ilé ni wọ́n fẹ́ kọ́. Ọkọ́ kan idẹ. Nígbà tí wọn yóò fi parí, orí idẹ ni ó ń jáde tẹ̀ lé ara wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn tóbi tó orí ènìyàn gan-an, tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú àwọn kan láti iwájú orí dé àgbọ̀n, tí ihò kéékèèké sì yí ibi irun àti irùngbọ̀n ká. Láìpẹ́ sí ìgbà náà wọ́n tún bá òmíràn ní itòsí ibẹ̀. Gbogbo rẹ̀ lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn onímọ̀ sọ pé láàárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n rọ wọ́n. Ní 1910, nígbà tí Leo Frobenius ará Jámánì rí iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò gbà pé àwọn baba wa ni ó ṣe é. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ kan ti gbé ibẹ̀ rí. Ilẹ̀ yàrá Wúnmoníjẹ̀ ti ní èsì fún un láti ìgbà náà, kò kàn tíì là ni.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí àwọn orí náà? William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó wà ní Ifẹ̀ nígbà náà tí ó ń kọ́ nípa àṣà wa, ra méjì, ó sì gbé wọn lọ sí ìlú rẹ̀. Henry Maclear Bate, olóòtú ìwé ìròyìn Daily Times, gba ọ̀kan. Ìyẹn kọjá sí London, ó sì di ti British Museum ní 1939. Ibẹ̀ ni ó wà di òní, tí àwọn ènìyàn gbogbo àgbáyé ń wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì. Kí a fún ẹni tí ọpẹ́ yẹ ní ọpẹ́: Bascom dá méjì tirẹ̀ padà ní 1950. Ìpayà tí rírà àti títà yìí dá sílẹ̀ ni ó mú kí ìjọba amúnisìn ṣòfin láti dí ọ̀nà tí irú ohun bẹ́ẹ̀ ń gbà jáde. Ní 1943 wọ́n fi Kenneth Murray ṣe olùtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ní 1954 wọ́n sì ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ifẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ní Ìta Yemòó tún ṣèèṣì kan ère idẹ ní 1957, ọ̀nà ti dí, àwọn ère náà kò sì bá ọkọ̀ òkun lọ.

Gbogbo ènìyàn a máa ka ìtàn yìí bí ìtàn òyìnbó tí ó kó ẹrù wa lọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe òpin rẹ̀. Bate kò ya wọ ilé ẹnikẹ́ni ní òru. Owó ni ó fi gba orí náà, ẹnìkan sì gba owó náà. Ẹni tí ó gba owó náà gbà pé ohun tí a wú nínú ilẹ̀ jẹ́ ti ọwọ́ tí ó bá kọ́kọ́ dì í mú. Ìgbàgbọ́ yẹn ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ òkun kàn gba ibẹ̀ kọjá ni. Ní ọjọ́ náà, wọ́n béèrè ẹni tí ó rí i, wọ́n sì béèrè iye tí yóò san. Ká ní ẹnìkan béèrè ẹni tí ó fi í pamọ́ àti ẹni tí ó fi í pamọ́ dè, ọ̀rọ̀ ì bá gba ibòmíràn lọ. Àwọn onímọ̀ gbà pé ilẹ̀ Wúnmoníjẹ̀ jẹ́ apá kan ilẹ̀ ààfin láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà pé ọ̀rọ̀ ọba ni àwọn orí náà bá tan. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti ta ẹyọ kan. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tí ó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà, kò nílò láti sọ pé òun ni òun rí wọn. Ó jókòó sí ipò àwọn tí wọ́n ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé pípa tí a pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn mọ́ fún ìlú ló tọ̀nà, bí àwọn tí ń rojọ́ nípa ẹ̀tọ́ ẹni tí ó rí nǹkan he kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí èmi àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń pínyà nìyí. Wọ́n ti gbé ìtàn Wúnmoníjẹ̀ yí padà di àwíjàre fún ara wọn: nítorí pé ẹnìkan tà á nígbà kan, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má lẹ́nu sí i mọ́. Òfin àjọ tí ń tọ́jú ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí ìjọba ológun ṣe ní 1979, ní kí ẹni tí ó bá ṣèèṣì wú ohun àtijọ́ fi tó àjọ náà létí, kí ó má sì tà á fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí àjọ náà tàbí àwọn aṣojú rẹ̀. Mo fara mọ́ èyí. Èyí tí n kò fara mọ́ ni ẹ̀mí tí àwọn kan fi ń lò ó, bí ẹni pé ẹ̀ṣọ́ ti di onílé. Ohun a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ilé tí a bá sọ fún pé ohun tí ó ti abẹ́ rẹ̀ jáde kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, kí ni yóò tún máa náání?

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ọwọ́ ìjọba kì í jò. Ní 1987 àwọn olè wọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti ìjọba ní Jos, wọ́n gbé orí idẹ Ifẹ̀ kan lọ pẹ̀lú àwọn ohun mìíràn. Ní 2007, lẹ́yìn ogún ọdún, wọ́n ta orí náà ní gbàǹjo ní Belgium láàárín ẹrù tí ìjọba ibẹ̀ gbẹ́sẹ̀ lé. Nígbà tí ó yá ó yọjú ní London, ọlọ́pàá gbà á, ẹjọ́ ẹni tí ó ni í kò sì tíì parí ní 2022. Ẹni tí ó rà á ní gbàǹjo ní òun ni òun rà á. Ẹ gbọ́ orin kan náà! Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀ pàápàá kò bọ́: àwọn olè fọ́ ọ láàárín 1993 sí 1994. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé títa tí ẹnìkan ta orí kan ní 1938 gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ agbo ilé, ẹ̀tọ́ ìjọba náà yẹ kí ó ti bọ́ sọnù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ìjọba ṣe ẹ̀ṣọ́, kí agbo ilé sì wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí alájọni: kí wọ́n gbọ́ kí ohun náà tó kúrò ní ìlú fún àfihàn, kí wọ́n ní ìpín nínú owó tí ó bá mú wọlé, kí orúkọ Wúnmoníjẹ̀ má kàn jẹ́ àdírẹ́sì tí a kọ sí abẹ́ gíláàsì.

Àwọn kan yóò dá mi lóhùn pẹ̀lú òfin epo rọ̀bì. Wọn yóò ní ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí sọ ọ́ kedere pé gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì tí ó wà nínú ilẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọlọ́run fi sínú ilẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ìyá àgbà fi sínú ilẹ̀. Iyùn tí a sín sí okùn kì í hù lábẹ́ yàrá.

Ìgbà kan wà tí mo gbà pé kí ìjọba gbà á, kí ó sì di tirẹ̀ pátápátá. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2017, àwọn òṣìṣẹ́ EFCC wọ ilé alájà kan ní òpópónà Osborne ní Ìkòyí, wọ́n sì bá owó dọ́là tí ó lé ní mílíọ̀nù 43 níbẹ̀, pẹ̀lú £27,800 àti náírà tí ó lé ní mílíọ̀nù 23. Ilé àdáni ni, wọ́n sì fi owó náà pamọ́ ni. A kò lè sọ pé ó sọnù. Ariwo ta. Àwọn kan ní ti àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ NIA ni. Gómìnà ìpínlẹ̀ Rivers nígbà náà, Nyesom Wike, ní ti ìpínlẹ̀ òun ni. Ẹ wo ohun tí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó ṣe: kò sọ pé ti EFCC ni nítorí pé EFCC ni ó rí i. Ó ní kí wọ́n kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí ẹni tí ó bá ni í jáde wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kí ó di ti ìjọba. Iṣẹ́ akígbe àti agogo nìyẹn, aṣọ òyìnbó ni ó wọ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ilé-ẹjọ́ sọ gbogbo owó náà di ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá àgbà tí ó sá fún ogun fi iyùn pamọ́ fún ọmọ rẹ̀. Ẹni tí ó to dọ́là sínú ilé Ìkòyí fi owó pamọ́ fún ojú òfin. Ìkọ̀kọ̀ méjèèjì kò dọ́gba, ẹni tí ó bá sì fi èkejì ṣe àwíjàre láti gba ti àkọ́kọ́ ń tan wá ni.

Kí ni ti lébìrà, nígbà náà? N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń jà fún àwọn ọmọ onílé kí n lè tẹ ọmọ tálákà mọ́lẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti onínǹkan, ẹ̀tọ́ olóòótọ́ ni, ó sì wúwo. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016 ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí láti ìdá 2.5 sí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni tí ó bá tú àṣírí owó tí wọ́n jí pamọ́. Bí olófòófó bá lè gba ìyẹn, èmi ní tèmi yóò fún lébìrà tí ó kígbe pé 'Ẹ wá wo nǹkan!' ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, n ó sì fún un lójú gbogbo ènìyàn. Òfin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1996 nípa ìṣúra tí a wú nílẹ̀ náà jẹ́ kí wọ́n máa san owó fún ẹni tí ó rí i àti ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ohun tí ń mú ọ̀pọ̀ lébìrà sá lọ pẹ̀lú ìkòkò kì í ṣe olè jíjà nìkan, ẹ̀rù ni. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, àgọ́ ọlọ́pàá ni òun yóò sùn, wọn yóò sì bi òun léèrè èyí tí òun ti yọ. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé owó ilẹ̀ ń pa ènìyàn àfi bí a bá ṣètùtù, àwọn oníjìbìtì sì ń jẹun lórí ẹ̀rù yẹn lójoojúmọ́.

Ó ku ẹni tí ó ra ilé. Òun ni ó ní ìwé jù, òun ni ẹjọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́ jù. Ẹni tí ó ra agbádá lọ́wọ́ opó, tí ó bá owó nínú àpò rẹ̀, agbádá ni ó rà. Yóò padà lọ sí ẹnu ọ̀nà opó náà bí ó bá ní ìtìjú. (Ti ẹni tí ó bá dọ́là nínú ṣòkòtò òkìrìkà yàtọ̀, níbo ni yóò ti rí òyìnbó tí ó ni ṣòkòtò?) Iye tí ó san jẹ́ iye ilẹ̀ àti ògiri. Kò sí ẹni tí ó ka iyùn mọ́ ọn, bí wọ́n bá sì kà á mọ́ ọn ni, kò ní lè san án. Bí ilé bá ti kọjá láti ọwọ́ ẹbí kan dé ẹbí mìíràn lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò. Wọ́n mọ ẹni tí ó ni yàrá wo ní ìgbà wo ju bí ìwé ìjọba ti mọ̀ ọ́n lọ. Bí ìwádìí bá parí tí kò sí ọmọ kankan tí ó yọjú, kí ìlú gbà á, kí wọ́n fi ṣe ohun tí gbogbo ìlú yóò rí.

Lónìí, bí mo ti ń kọ èyí, wọ́n ń ta ilé ẹbí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní Òkè Àdó, ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ń ka owó, wọ́n ń pín in, wọn kò ronú kan ìpìlẹ̀. Kí ẹbí tí ó bá fẹ́ tà pe àwọn arúgbó ilé jọ ṣáájú, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí ìyá wọn máa ń sọ nípa abẹ́ ibùsùn àti ìdí ògiri. Kí wọ́n ní kí agbẹjọ́rò fi ìlà kan kún ìwé àdéhùn: pé ohunkóhun tí a bá wú nínú ilẹ̀ tàbí ògiri ilé yìí, tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ènìyàn ni ó fi í síbẹ̀, kò sí nínú ohun tí a tà, pé ẹni tí ó bá wú u yóò gba ìdá kan nínú mẹ́wàá iye rẹ̀, pé bí ó bá jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹbí àti ẹni tí ó ra ilé yóò jọ fi tó àjọ ìjọba létí. Kí wọ́n kà á sókè lójú gbogbo ẹbí, kí ẹni tí ń rà á fọwọ́ sí i, kí kọ́kọ́rọ́ tó kúrò lọ́wọ́ olórí ẹbí.